Bí A Ṣe Ń Yọ Ẹyin Aràn Kúrò Nínú Omi Ìdọ̀tí: Adágún Mẹ́ta àti Sùúrù

Abo aràn inú kan ṣoṣo, èyí tó ń gbé inú ìfun ọmọdé, lè yé ẹyin bí 200,000 lójúmọ́. Ìgbọ̀nsẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń bá jáde. Ká ní ilé-ẹ̀kọ́ kan wà tí àwọn ọmọ ń sùn sí, tí omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn ń gba inú gọ́tà bọ́ sódò, tí àwọn tó ń gbin lẹ́tùsì àti kábéèjì sì ń pọn omi odò yẹn rin oko. Ohun tí a máa jẹ láìsè ni wọ́n ń fi ẹyin aràn rin yẹn. Ohun tó máa ń dùn mí níbẹ̀ ni pé a mọ bí a ṣe lè dá a dúró, kò sì béèrè ẹ̀rọ olówó gọbọi. Ilẹ̀ ló ń béèrè, àti àkókò, àti ẹni tí kò ní fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún kìíní.

Ẹni tó ń bójú tó ilé-ẹ̀kọ́, ẹ́síteètì, ilé ìwòsàn tàbí ọgbà ńlá ni mo ń bá sọ̀rọ̀ jù, níbi tí páìpù ti ń kó omi ìgbọ̀nsẹ̀ jọ sójú kan. Ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ ẹ̀fọ́, tí kò ní agbára lórí ohun tó ń ṣàn bọ̀ láti òkè, wà nísàlẹ̀.

Ohun tó yẹ kó yé wa kí a tó gbẹ́ ilẹ̀

Ojú lásán kò lè rí ẹyin aràn. Gígùn rẹ̀ kò ju 0.05 sí 0.07 mílímítà lọ. Èèpo rẹ̀ le koko. Klóríìnì tí wọ́n ń dà sí omi ẹ̀rọ kì í pa á. Iná UV tí wọ́n fi ń pa bakitéríà, ní ìwọ̀n tí wọ́n sábà ń lò ó, kì í pa á. Nínú ilẹ̀ tútù tí oòrùn kò dé, ó lè wà láàyè fún ọdún púpọ̀. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ da klóríìnì sí omi ìgbọ̀nsẹ̀ kí ẹ sì fọkàn balẹ̀, ẹ mọ̀ pé ó lè pa ohun tó ń fa onígbáméjì, àmọ́ ẹyin aràn ṣì wà níbẹ̀ gbáko.

Ibì kan ṣoṣo la ti lè mú un: ó wúwo ju omi lọ. Nínú omi tó dúró jẹ́ẹ́, ẹyin aràn inú tó gùn máa ń rì tó 65 sẹ̀ǹtímítà ní wákàtí kan. Ti aràn ìkọ́, èyí tó ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé, fúyẹ́ díẹ̀. Ó ń rì tó 40 sẹ̀ǹtímítà. Ẹni tó bá ti sẹ́ ògì rí mọ bó ṣe ń lọ. A ó fi ògì sílẹ̀ di òwúrọ̀, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á wà nísàlẹ̀, omikan á tòrò sókè. Bí ẹnìkan bá fi ìkánjú gbé ike náà, gbogbo rẹ̀ á tún dàrú. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ yìí: omi gbọ́dọ̀ dúró jẹ́ẹ́, ó gbọ́dọ̀ pẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ ru ìsàlẹ̀ rẹ̀ sókè.

Ẹ lè ní, bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣebí wákàtí mẹ́rin ti tó fún adágún tí jíjìn rẹ̀ jẹ́ mítà kan àtààbọ̀? Kò tó. Adágún kì í dúró jẹ́ẹ́ bí ike inú ilé. Afẹ́fẹ́ ń tì í, oòrùn ń mú òkè rẹ̀ gbóná ju ìsàlẹ̀ lọ, gáàsì ń ru jáde látinú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, omi tuntun sì ń já wọlé. Ọ̀pọ̀ ẹyin tún máa ń lẹ̀ mọ́ ìdọ̀tí wẹ́wẹ́ tó fúyẹ́. Ìdí nìyí tí a fi ń ka ọjọ́ dípò wákàtí.

Ibi tí a ń lọ: ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) ti ọdún 2006 sọ pé omi tí a ó fi rin ohun ọ̀gbìn tí a ń jẹ ní tútù kò gbọdọ̀ ní ju ẹyin kan lọ nínú lítà kan. Níbi tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15 bá ti ń fara kan omi náà, kò gbọdọ̀ ju 0.1 lọ, ìyẹn ẹyin kan nínú lítà mẹ́wàá.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ka omi

Ẹ má fojú díwọ̀n rẹ̀. Ẹ wo iye ìgbà tí wọ́n ń fa omi kún táńkì òkè lọ́sẹ̀ kan, ẹ pín in sí méje. Ilé-ẹ̀kọ́ tó ní akẹ́kọ̀ọ́ 500 tí ń gbé inú ọgbà, tí olúkúlùkù ń lo 80 lítà lójúmọ́, ń tú 40,000 lítà jáde lójoojúmọ́. Iye yìí ni màá lò títí dé ìparí. Ẹ fi tiyín rọ́pò rẹ̀.

Omi òjò kò gbọdọ̀ dé inú páìpù ìgbọ̀nsẹ̀ rárá. Òjò ńlá kan péré tó bá gba orí òrùlé wọ inú adágún lè ru gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọdún kan sókè, kó sì gbá a sódò láàárín òru kan.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ yan ibẹ̀

Ó kéré tán, kí ó jìnnà tó 200 mítà sí ilé tí ènìyàn ń gbé; 500 mítà ló dára jù. Ní ilẹ̀ Yorùbá, láti gúúsù-ìwọ̀ oòrùn ni afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá fún èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún, àyàfi ìgbà ọyẹ́. Ẹ fi adágún sí apá àríwá-ìlà oòrùn ọgbà, kí òórùn má baà máa fẹ́ wọ yàrá àwọn ọmọ. Ẹ yẹra fún ibi tí odò ń kún dé, ẹ sì jìnnà sí kànga. Bí ilẹ̀ bá jẹ́ oníyanrìn, ẹ fi amọ̀ tí a gún dáadáa tẹ́ ìsàlẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tàbí kí ẹ fi ọ̀rá nípọn tẹ́ ẹ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ gbẹ́ mẹ́ta, kì í ṣe ọ̀kan

Ní ọdún 1992, àwọn olùwádìí omi ìdọ̀tí kan, Ayres, Mara àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, tẹ ìṣirò kan jáde látinú ohun tí wọ́n rí nínú adágún ní Brazil, Íńdíà àti Kẹ́ńyà. Ó ń sọ iye ẹyin tí adágún kan máa mú kúrò gẹ́gẹ́ bí iye ọjọ́ tí omi lò nínú rẹ̀. Èyí tó ṣọ́ra jù nínú ìṣirò náà ni mo lò níbí.

Adágún kìíní jìn tó mítà mẹ́ta, ó ń gba omi ọjọ́ méjì, ìyẹn 80,000 lítà. Mítà 5 ní mítà 5.4 tó o, bí ẹ bá wọ̀n ọ́n ní àárín jíjìn rẹ̀, nítorí ògiri rẹ̀ máa ń dagun. Afẹ́fẹ́ kì í wọ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìdọ̀tí tó wúwo jù ti ń rì. Ó ń mú ẹyin 84 kúrò nínú 100.

Adágún kejì jìn tó mítà kan àtààbọ̀, omi ń lo ọjọ́ mẹ́wàá nínú rẹ̀: 400,000 lítà, mítà 10 ní mítà 27. Òun ló tóbi jù, òun náà ló sì ń ṣiṣẹ́ jù, nítorí pé nínú ẹyin 100 tó bá kù, 99 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ló ń dá dúró. Ojú omi rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní àwọ̀ ewé. Ìyẹn ló fi hàn pé ó yè.

Adágún kẹta jìn tó mítà kan, ọjọ́ mẹ́rin: 160,000 lítà, mítà 6.5 ní mítà 25. Ó ń mú 93 kúrò nínú 100.

Ká wá ní omi tó ń wọlé ní ẹyin 600 nínú lítà kan. Bó bá jáde nínú àkọ́kọ́, ó ku bíi 95. Lẹ́yìn ìkejì, ó ku bíi 0.7, èyí tó ti wà lábẹ́ ẹyin kan. Lẹ́yìn ìkẹta, kò tó 0.05, kódà ìlànà tó wà fún ibi tí ọmọdé wà kò ní rí nǹkan sọ sí i. Bí ẹ bá wá fi owó kan náà gbẹ́ adágún kan ṣoṣo tí omi á lo ọjọ́ 16 nínú rẹ̀, bíi 0.85 ló máa kù. Ọjọ́ kan náà, omi kan náà, àmọ́ ẹyin tó kù fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 19. Bí bíríkìlà yín bá ní kí ẹ jẹ́ kí òun fi ọ̀kan ńlá ṣe é kó lè yá, ẹ ṣírò èyí fún un.

Púlọ́ọ̀tì méjì máa gba gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ògiri àti ọ̀nà ìrìn. Bí owó bá wà, ẹ pín adágún kìíní sí méjì, kí ẹ lè máa kó ọ̀kan nígbà tí èkejì ń ṣiṣẹ́. Ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní adágún irú èyí. Ẹ lọ wo bó ṣe rí kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: páìpù

Ọ̀pọ̀ adágún tí kò ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ páìpù ni. Bí ẹnu ibi tí omi ń gbà wọlé bá dojú kọ ẹnu ibi tó ń gbà jáde, omi á gé ọ̀nà kúrú, á jáde láàárín wákàtí mélòó kan, gbogbo ìyókù adágún á sì jókòó lásán. Ẹ fi ìkan sí igun kan, kí ìkejì wà ní igun tó jìnnà sí i jù. Ó dára kí omi máa ṣàn lòdì sí afẹ́fẹ́, nítorí náà kí ó máa ti àríwá-ìlà oòrùn wọlé, kí ó máa gba gúúsù-ìwọ̀ oòrùn jáde.

Ẹ má ṣe fa omi jáde láti ojú tàbí láti ìsàlẹ̀ gan-an. Páìpù onígun T ni kí ẹ fi sí ẹnu àbájáde. Nínú adágún kìíní, kí ẹnu rẹ̀ wà ní 30 sẹ̀ǹtímítà sísàlẹ̀ ojú omi, kí ìdọ̀tí tó léfòó má bàa bá a lọ. Nínú ìkejì, 60 sẹ̀ǹtímítà, nítorí nǹkan àwọ̀ ewé tó ń hù lókè. Nínú ìkẹta, 5 sẹ̀ǹtímítà ti tó.

Ṣáájú adágún kìíní, ẹ fi irin gbọọrọ sí ẹnu kòtò kékeré kan kó lè máa gba aṣọ àkísà, páàdì àti ọ̀rá píọ́wọ́tà. Ojoojúmọ́ ni kí ẹnìkan máa fi réèkì kó o, kó sì sin ohun tó bá kó.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ bẹ̀rẹ̀

Kí omi ìgbọ̀nsẹ̀ tó dé adágún kejì àti ìkẹta, ẹ kọ́kọ́ fa omi mímọ́ kún wọn, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin títí omi yóò fi gba àwọ̀ ewé. Ẹ da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ díẹ̀ látinú sókáwéè kan sínú àkọ́kọ́, kí kòkòrò tó ń jẹ ìdọ̀tí lè tètè pọ̀. Ẹni tó bá sáré ṣí páìpù lọ́jọ́ kìíní á gbọ́ òórùn tí yóò mú kí gbogbo àdúgbò ní kí wọ́n dí ihò náà.

Lẹ́yìn ìyẹn, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kò pọ̀. Ẹ gé koríko etí omi, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀fọn ń sá sí, ibẹ̀ sì ni ìgbín omi tó ń gbé àtọ̀sí ajá ti ń rí oúnjẹ. Ẹ kó ìdọ̀tí tó léfòó kúrò lójú adágún kejì àti ìkẹta. Ti àkọ́kọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ mọ ọgbà yí i ká, kí ẹ sì tì í. Ọmọdé kò gbọdọ̀ ríbi wọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni ewúrẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ wọn gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀

Ohun tó kúrò nínú omi kò parẹ́. Ìsàlẹ̀ ló wà. Ènìyàn kan máa ń fi bíi 40 lítà gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún. Ti akẹ́kọ̀ọ́ 500 jẹ́ 20,000 lítà. Adágún kìíní kò gbọdọ̀ kún ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ kí ẹ tó kó o, ìyẹn sì máa ń tó oṣù 16.

Ẹ má dúró de oṣù. Ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ wá ọ̀pá tó gùn ju jíjìn adágún lọ, ẹ we táwẹ́ẹ̀lì funfun mọ́ apá ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ so ó le. Ẹ tì í wọ inú omi ní òòró, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, títí yóò fi kan ìsàlẹ̀. Ẹ jẹ́ kó dúró díẹ̀, kí ẹ sì rọra fà á jáde. Omi lásán á ṣàn kúrò lára táwẹ́ẹ̀lì, ṣùgbọ́n ibi tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ dé á dúdú kirikiri, ìlà rẹ̀ á hàn gbangba. Ẹ fi téèpù wọn apá tó dúdú. Ẹ ṣe é ní ojú mẹ́rin tàbí márùn-ún, nítorí ẹ̀gbẹ́ ẹnu àbáwọlé ló máa ń nípọn jù. Bó bá ti tó mítà kan, ẹ pe ọkọ̀ tó ń fa ìgbẹ́.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ pa ẹyin tó wà nínú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀

Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ba iṣẹ́ jẹ́. Wọ́n á mú aràn kúrò nínú omi fún oṣù 16, wọ́n á wá fi ọkọ̀ kan dà á sí ìdí igbó ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Àwọn àgbẹ̀ mìíràn tún máa ń tọrọ rẹ̀ láti fi ṣe ajílẹ̀. Ẹ má fún wọn ní tútù. Gbogbo ẹyin tí ẹ ti ń lé láti ọjọ́ yìí ti pé jọ sínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ṣì yè.

Ọ̀nà méjì ló wà. Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni kí ó pẹ́. Ẹ tú u sórí ibùsùn yanrìn tó ní òkúta wẹ́wẹ́ lábẹ́, kí omi rẹ̀ ro padà sínú adágún kìíní. Bó bá gbẹ, ẹ kó o jọ sábẹ́ òrùlé, ẹ kọ ọjọ́ sára pátákó, ẹ má sì da tuntun lé e. Níbi tí ooru kì í ti í lọ sísàlẹ̀ 20°C, WHO ní kó ju ọdún kan lọ.

Ọ̀nà kejì ni ooru, òun ló yá jù. Ẹyin aràn kì í fara da ooru: 62°C ń pa á ní wákàtí kan, 50°C ní ọjọ́ kan, 46°C ní ọ̀sẹ̀ kan, 43°C ní oṣù kan. Ẹ po ìdá kan gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó ti gbẹ díẹ̀ mọ́ ìdá méjì ìdọ̀tí ọjà tó lè jẹrà, koríko gígé àti ìyẹ̀fun igi ilé pákó, ẹ kó o jọ ní òkìtì tó ga tó mítà kan àtààbọ̀. Ní Buobai, ní Kumasi ní Gánà, wọ́n po gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ṣaláńgá mọ́ ìdọ̀tí ọjà báyìí. Inú òkìtì á gbóná fúnra rẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹ̀yìn rẹ̀ kì í gbóná bí inú, ẹyin tó wà lẹ́yìn á sì yè. Nítorí náà, ẹ máa yí i. Òfin Amẹ́ríkà fún irú òkìtì yìí ní kó wà ní 55°C tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ọjọ́ 15, kí a sì yí i ó kéré tán ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún láàárín rẹ̀. Ẹ ra tẹmọmítà tí ọwọ́ rẹ̀ gùn. Ẹ má fọwọ́ díwọ̀n. Kí ẹni tó ń yí i wọ bàtà òjò àti ìbọ̀wọ́, kó sì fọ ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ kó tó fọwọ́ kan oúnjẹ.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ẹ yẹ̀ ẹ́ wò

Omi tó mọ́ lójú kò túmọ̀ sí pé kò ní ẹyin. Ẹ bu lítà kan níbi tí omi ti ń wọlé, lítà mẹ́wàá níbi tó ti ń jáde nínú adágún kẹta. Díẹ̀díẹ̀ jálẹ̀ ọjọ́ ni kí ẹ máa bù ú, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ jẹ́ kí ó dúró fún wákàtí méjì, ẹ fa bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá òkè rẹ̀ kúrò, kí ẹ gbé ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ sí láàbù tó mọ̀ nípa aràn, irú èyí tó wà ní yunifásítì tàbí ilé ìwòsàn ńlá. Ẹ ní kí wọ́n lo ọ̀nà Bailenger. Wọ́n á fi omi zinc sulphate tí ìwúwo rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po 1.18 ti omi lásán mú ẹyin léfòó, nítorí ẹyin aràn inú, tó jẹ́ 1.11, wúwo ju omi lọ àmọ́ kò wúwo tó ìyẹn. Wọ́n á wá kà á lábẹ́ máíkírósíkóòpù.

Oṣooṣù ni kí ẹ ṣe é ní ọdún kìíní, lẹ́yìn náà oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, àti lẹ́yìn gbogbo ìgbà tí ẹ bá kó gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Bí wọ́n bá rí ju ẹyin kan lọ nínú lítà, ẹ kọ́kọ́ wọn gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ adágún kìíní. Bí kò bá pọ̀, ẹ wò bóyá omi òjò ti ríbi wọlé. Bí kò bá jẹ́ ìyẹn, ẹnu páìpù ni kí ẹ wò, bóyá T ti já tàbí omi ń gé ọ̀nà kúrú. Ògiri tí a fi pákó tàbí ọ̀rá ṣe, tí ó gba àárín adágún kejì kọjá, tó fi ibi kékeré sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, máa ń tó láti fipá mú omi yí ká. Ẹ bá nọ́ọ̀sì ilé-ẹ̀kọ́ sọ̀rọ̀ pẹ̀lú: bí àwọn ọmọ bá ń lo oògùn aràn lásìkò, ẹyin tó ń wọlé fúnra rẹ̀ á dín kù.

Fún àgbẹ̀ ẹ̀fọ́ tí ń pọn omi lódò

Kò sí lọ́wọ́ yín láti tún omi gbogbo ìlú ṣe, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà lè fi omi sílẹ̀ kó rì. Ìwádìí tí wọ́n ṣe pẹ̀lú àwọn àgbẹ̀ Kumasi fi hàn pé bí omi bá dúró bí ọjọ́ mẹ́ta nínú kòtò ẹ̀gbẹ́ oko, ẹyin aràn inú rẹ̀ lè lọ sísàlẹ̀ ẹyin kan nínú lítà. Ẹ gbẹ́ kòtò mẹ́ta tàbí mẹ́rin dípò ẹyọ kan, kí ẹ máa lò wọ́n ní yíyí: kí ẹ máa pọn ọ̀kan, kí òmíràn máa kún, kí ìyókù máa sinmi. Omi tuntun kò gbọdọ̀ wọ inú èyí tó ń sinmi.

Bí ẹ bá ń pọn ọ́n, ẹ má wọ inú rẹ̀. Ẹ fi pákó kan sẹ́nu kòtò tí ẹ ó máa dúró lé, kí ẹ rọra rì agolo ìbomirin bọ apá òkè omi, kí ó má kan ìsàlẹ̀. Ìdí ewéko ni kí ẹ da omi sí, kì í ṣe orí ewé. Ẹ wọ bàtà òjò, nítorí ọmọ aràn ìkọ́ tó ti pa lára ilẹ̀ tútù ń dúró de ẹsẹ̀ lásán. Ní ọdọọdún, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ gbẹ omi kòtò kan lẹ́ẹ̀kan, ẹ kó ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ má sì dà á sórí ebè: òkìtì gbígbóná ìgbésẹ̀ keje ni kí ẹ kó o sí, tàbí kí ẹ kó o jọ sábẹ́ òrùlé títí yóò fi ju ọdún kan lọ.